Ilé Tí Bàbá Mi Ń Béèrè

Mo ṣì ń gbọ́ òórùn ilé náà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan ògiri wa, òórùn kan a jáde láti ara amọ̀ rẹ̀, ó tutù, ó sì dùn bí òórùn ìkòkò tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi sí. Mo rántí ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí mo bá wá sílé fún ìsinmi, mo máa ń lọ dúró sẹ́bàá ògiri lẹ́yìn òjò, n ó fi ahọ́n kàn án díẹ̀. Ìyá mi rí mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ẹni tó fẹ́ lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń lá ògiri bí ewúrẹ́ yìí." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò jáwọ́.

Ilé alámọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ ilé alámọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn kọ́ ọ rí mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. Bàbá mi ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ìyá mi àti àwa ọmọ wọn méjèèjì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ̀yìn ìlú ni a kọ́ ọ sí, lójú ọ̀nà oko, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lé wọn kúrò nínú agbo ilé. Ìjọ Mọ́mọ́nì tí wọ́n gbà ló fà á. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló mú ọ̀rọ̀ ìjọ náà wá, bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó sì gbà á ní ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bí o ò bá lè jọ́sìn níbi tí bàbá wa ti jọ́sìn, wá ibòmíràn sùn." Bàbá mi kò jiyàn. Wọ́n di ẹrù wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni a ti wa amọ̀ tí a fi kọ́lé. A ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ gún un, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè rọ̀, a ó tún padà gún un. Bàbá mi a wá mọ ipele kan yí gbogbo ilé ká, wọn a sì dúró kí ó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù. Mo ti ka ara mi sí Mísì nígbà náà, ohun tó sì ká mi lára jù lọ nínú gbogbo ìṣòro bàbá mi ni bí n ó ṣe yọ amọ̀ kúrò lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ mi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì má baà rí i. Nígbà tí ilé parí, a fi páànù bò ó, ìyá mi sì fi ewé ẹ̀lú àti imí màlúù pa ilẹ̀ rẹ̀ títí tó fi ń dán.

Nínú pálọ̀ ilé yìí ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa nìkan ni a kọ́kọ́ ń jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn náà ni aládùúgbò kan dé, lẹ́yìn náà ìdílé kan láti òdìkejì odò. Búrẹ́dì àti omi ni a fi ń ṣe oúnjẹ Olúwa, a kì í lo wáìnì, a kì í sì í mu ọtí, tíì tàbí kọfí. Ìyẹn ló mú kí ìlú máa pe ilé wa ní Ilé Olómi. Bí a bá ń kọjá lọ́jà, ẹnì kan á ṣáà rí ohun tí yóò sọ: "Ẹ kú iṣẹ́ omi o. Ṣé ẹ ti yó?" Bàbá mi a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìjọ pọ̀, wọ́n kọ́ ilé ìsìn oníbúlọ́ọ̀kù sí àárín ìlú, pálọ̀ wa sì padà di pálọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí a gbé bẹ́ǹṣì kan kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ìyá mi sì ti di olóògbé, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dallas níbí, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá máa bá òun gbé ní Carrollton, ìlú kan nítòsí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Plano nítòsí wa, mú Bàbá wá kí wọ́n lè tọ́jú ojú wọn. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé nítorí pé ènìyàn máa ń wà nílé. Dókítà la ojú kan, ó yọrí sí rere. Èyí tó kù ń dúró de àsìkò rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé bí ojú kejì bá ti jinná, Bàbá yóò padà sílé. A ti fi ilé síkàáwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan nílé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń lọ ṣí fèrèsé rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń ráhùn. Wọ́n máa ń gbé àga sí iwájú ilé ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, wọn a máa wo àdúgbò. Ní ìgbà ooru, ilẹ̀ ibí máa ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi sán, ilé tó wà lórí rẹ̀ a sì là. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibí fi ń tẹ́ rọ́bà oníhò sí ìdí ilé wọn, tí omi á máa kán síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rí aládùúgbò wa tó ń tẹ́ tirẹ̀.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń gbìn?"

"Kò gbin nǹkan kan, Bàbá. Ilé ló ń bomi rin."

"Ilé wo?"

"Ilé tó ń gbé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ jù, ó lè là."

Wọ́n wò mí láti mọ̀ bóyá mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Bá mi bi í bóyá ó ti ń so," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí ọkùnrin náà, wọn a kí i kú iṣẹ́ oko ní Yorùbá, òun náà a sì juwọ́ sí wọn.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù Keje, tí ìjọ máa ń sọ ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bàbá òyìnbó kan dìde sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn òbí bàbá bàbá òun fa kẹ̀kẹ́ ẹrù la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n sì kọ́ ilé kan sí ibi tí wọ́n dé, ilé náà ṣì wà títí di òní. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Bàbá létí jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó dárúkọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà, mo kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi pè é. Mo ní, "Bíríkì kan ni, Bàbá, tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọn ò sun." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ń sọ. Mo ní, "Ilé alámọ̀ ni."

Bàbá yí ojú sí mi. "Òyìnbó?"

"Òyìnbó ni, Bàbá."

"Ó sì dúró?"

"Ó ní àwọn ọmọ ọmọ wọn máa ń pàdé níbẹ̀ lọ́dọọdún, wọn a po amọ̀, wọn a fi pa ògiri rẹ̀."

Nígbà tí ìsìn parí, Bàbá di ọwọ́ bàbá òyìnbó náà mú, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà fi àwòrán ilé náà hàn wọ́n lórí fóònù. Bàbá fi àtàǹpàkò pa ògiri inú àwòrán náà, àwòrán sì sá lọ, ajá ọkùnrin náà ló kù lójú fóònù. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí n sọ fún un pé àwọn náà ní ilé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa. Bàbá òyìnbó náà ní a jẹ́ pé aṣáájú ni Bàbá náà, bí àwọn baba ńlá òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mirí.

"Sọ fún un pé rárá. Wọ́n lé mi ni."

Mo sọ fún un. Ó ní, "Wọ́n lé tiwa náà."

N kò rí i kí inú bàbá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ. Nínú ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ti mọ ohun tí àwọn fẹ́. Àwọn fẹ́ padà lọ gbé nínú ilé náà, kí àwọn sì kú síbẹ̀, kí àwa ọmọ àti ọmọ ọmọ máa wá pa ògiri rẹ̀ lẹ́yìn àwọn gẹ́gẹ́ bí ti àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn. Wọn ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá jí lówùúrọ̀, tí a bá kí wọn tán, ohun tí wọn yóò bi ẹni tó bá wà níwájú wọn ni, "Ilé ńkọ́?"

Àbúrò mi ló mú àbá wá. Ó pè mí láti Plano, ó ní, "Àǹtí mi, a ò lè jẹ́ kí Bàbá padà sínú ilé tí ògiri ẹ̀ ti ń sán. Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, inú àti ìta, ká kùn ún ní ọ̀dà. Kí wọ́n dé bẹ̀ kí wọ́n rí i."

Mo ní, "Ṣé ká bi wọ́n?"

"Tí a bá bi wọ́n, kò ní yà wọ́n lẹ́nu mọ́."

Mo ronú sí i, ó dára lójú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá àwọn bíríkìlà, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́: ilé náà funfun, igun rẹ̀ mú, ó dàbí ilé ìfowópamọ́. Mo fi han àwọn obìnrin ìjọ, wọ́n bá mi yọ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí a kò fi hàn ni Bàbá. A ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò fi ojú méjèèjì rí i.

Òjò ọdún náà pọ̀ nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè. Kò kí mi.

"Àǹtí, ilé ti wó."

"Ilé ta ni?"

"Ilé Bàbá. Mo dé bẹ̀ lówùúrọ̀, ó dúró, kò ní àmì kankan lára. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti wà nílẹ̀. Àǹtí, sìmẹ́ńtì nìkan ló ń dúró láti ọjọ́ yìí. Amọ̀ inú ẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ."

Omi ti gba ibi páànù wọlé sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, kò sì rí ọ̀nà jáde. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá pa ògiri náà, oòrùn á tún gbẹ ẹ́. Àwa la wá fi aṣọ tí kò ṣeé bọ́ wọ̀ ọ́. Àbúrò mi wá láti Plano nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó sídìí tábìlì kíṣìnì, ó ń sunkún láì pariwo nítorí pé Bàbá wà ní yàrá kejì. Ọmọ ọmọ mi, ọmọdébìnrin tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní igun tábìlì. A ò bìkítà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èsì rẹ̀, a sì rò pé ohun tí kò bá fi Yorùbá sọ, kò gbọ́ ọ.

"Ta ni yóò sọ fún wọn?" ni àbúrò mi wí.

Mo ní, "Jẹ́ kí ojú kejì jinná ná."

Ojú kejì kò tètè jinná. Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, nítorí pé wọ́n máa ń ṣì í mú. "Ilé ńkọ́" kì í ṣe ìbéèrè bí ti inú ìwé. Ìkíni ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò rọgbọ náà yóò kọ́kọ́ dáhùn pé àlàáfíà ni, kí ó tó wá jókòó ṣàlàyé ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá bá bi mí, èmi a ní, "Àlàáfíà ni, Bàbá." Àbúrò mi a ní, "A dúpẹ́, sà." Ọmọ mi a ní, "Wọ́n wà, Bàbá," bó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n èmi ti fi èdè yìí ṣe iṣẹ́ jẹ, mo mọ̀ pé ìbéèrè ni ti Bàbá. Wọ́n máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn èsì wa, bí ẹni tó ń dúró de ìyókù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ ọmọ ọmọ mi ní Yorùbá. Kò fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní etí. Ohùn ló kọ́kọ́ ṣòro fún un, mo sì fún un ní gbólóhùn tí yóò máa pè: ó wọ ilé, ó wo ilé, ilé wó. Ó máa ń rìn kiri ilé pẹ̀lú wọn bí ẹni ń kọrin. Mo tún kọ́ ọ pé kó má máa fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá àgbà lóhùn. "Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní nǹkan, dáhùn nǹkan tí wọ́n bi ẹ́, kí o sì fi odindi gbólóhùn dáhùn."

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mò ń dín dòdò. Bàbá jókòó sí pálọ̀. Ọmọ náà ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń súre fún un. Wọ́n wá ní, "Ilé ńkọ́?"

Mo gbọ́ tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ ọmọ tó ń to gbólóhùn jọ. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbọ́ ọ. Inú mi tilẹ̀ kọ́kọ́ dùn.

"Ilé ti wó, Bàbá. Òjò ni ó wó o."

Ohùn kan kò yẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá ní, "Ilé wo?"

"Ilé yín. Ilé alámọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Bàbá ń wo ọmọ náà pẹ̀lú ojú wọn kan tó ríran. Wọ́n ní, "O sọ ọ́ yékéyéké. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Grandma."

Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ì bá sàn fún mi ká ní ó wà. "Olùkọ́ rere ni," ni wọ́n wí.

Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo ti wọn. Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá òun ṣi ọ̀rọ̀ náà pè. Mo ní rárá, ọmọ mi, bó ṣe yẹ kí o pè é lo pè é. Dòdò jóná.

Àbúrò mi wá, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Bàbá, tó mọ̀ pé òjò nìkan kì í wó irú ògiri bẹ́ẹ̀, bi í, "Sìmẹ́ńtì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Inú àti ìta?"

"Inú àti ìta, sà."

Bàbá mirí díẹ̀díẹ̀. "O fẹ́ kó dára ni. Dìde." Àbúrò mi ní a ó tún un kọ́, a ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ ní ojú ibi tó wà gan-an. Bàbá ní, "Fún ta ni?"

Wọn ò béèrè ilé mọ́. Bí a bá kí wọn lówùúrọ̀, wọn a dáhùn, ó parí. Nígbà tí dókítà pè wá fún ojú kejì, wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀, èyí tí àwọn ní tó ohun tó kù fún àwọn láti wò. Wọn ò gbé àga síta mọ́. Aládùúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn láti bi mí bóyá ara wọn kò yá, mo sọ fún un pé ọjọ́ orí ni. Wọ́n kú ní ìgbà òtútù, ní ọjọ́ tí yìnyín bo ojú títì débi pé àbúrò mi kò lè tètè dé láti Plano. A sin wọ́n síbí. Níbo ni à bá gbé wọn lọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní ẹnì kan ti ń gbin àgbàdo sí ojú ilé náà. Ó ní amọ̀ náà ti padà di ilẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Àfọ́kù sìmẹ́ńtì nìkan ni wọ́n ń ṣà kúrò kó má baà ká ọkọ́ lẹ́nu.

Ní ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí, òfin wọn ni pé òkúta orí ibojì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí ohun kan tó dúró lóòró níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló máa ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Ó ti wà ní yunifásítì ní Denton báyìí, ó ti ga jù mí lọ, ó sì ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Nínú ọkọ̀, mo máa ń bá a sọ Yorùbá, n ó bi í nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀, nípa oúnjẹ tó ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. N kò tún kọ́ ọ ní Sátidé kankan lẹ́yìn òwúrọ̀ ọjọ́ náà; òun ni kò wá sídìí tábìlì mọ́, èmi náà kò pè é. Mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ láyé mi, mo sì ti tún àṣìṣe wọn ṣe títí ó fi sú wọn. Èyí kò ṣe àṣìṣe kankan. Odindi ni gbólóhùn tó sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ sì tọ̀nà; láti ìgbà náà n kò tún gbọ́ èdè wa lẹ́nu rẹ̀.